Àbùlẹ̀ tí wọn ò lẹ̀: ìtàn ìdánwò JAMB ọdún 2025

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ lọ bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó o bá ń kọ code, tàbí tó o ní àbúrò tó ń múra JAMB lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn ẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ l'Ábújá, ló bá bú sẹ́kún. Fídíò yẹn dé orí gbogbo fóònù. Àwọn kan bá a kẹ́dùn, àwọn kan bú u, àwọn kan fi ṣe meme kí ilẹ̀ tó ṣú (ẹ̀yin náà mọ ara yín). Ohun tó sọ kí omijé tó dé ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, torí ìtàn sọ́fúwíà ni, ó sì jọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 13 ṣáájú, bí ìbejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ ná.

Ọdún 1962 ni wọ́n dá UNILAG tó wà ní Àkọkà níbí sílẹ̀. Kò sí JAMB nígbà yẹn. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ tirẹ̀. Ọmọ tórí ẹ̀ pé lè gba lẹ́tà láti Ìbàdàn, kó gba láti Èkó, kó tún gba láti Ifẹ̀, kó wá mú ẹyọ kan, kí àyè méjì yòókù ṣòfò nígbà tí ẹlòmíràn ń sunkún nílé. Ìyẹn wà lára ohun tó mú ìjọba ológun dá JAMB sílẹ̀ lọ́dún 1978, kí gbogbo ọmọ lè máa gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ "ẹnu ọ̀nà kan" yẹn sọ́kàn. Ilé tó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, tí ọ̀kan bá há, wàá gba òmíràn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ní, tí kọ́kọ́rọ́ bá kọ̀, ìta lo máa sùn.

Àwọn òbí wa mọ àsìkò pẹ́ńsùlù HB dáadáa. Wàá kun àmì róbótó róbótó, wàá máa bẹ̀rù kí o má kùn kọjá ààlà, torí ẹ̀rọ ló máa kà á. Ewu ìgbà yẹn ni pé ìwé ń jò. Expo ń rìn lóru, ẹlòmíràn ń báni jókòó ṣe ìdánwò, miracle centre sì wà káàkiri. Láti dí ojú ihò wọ̀nyẹn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dibu Ojerinde, JAMB gbé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà dé ní 2013, pẹ̀lú ti pépà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tó fi di 2015, pépà ti kúrò ńlẹ̀ pátápátá.

Mo rántí àríyànjiyàn ìgbà yẹn. Ohun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ni iná mọ̀nàmọ́ná, àti ọmọ tí kò di mouse mú rí. Ẹ̀rù tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín pépà àti kọ̀ǹpútà tí a ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Pépà tó bá bàjẹ́ nínú gbọ̀ngàn kan ní Bàrígà, inú gbọ̀ngàn yẹn ló máa bàjẹ́ sí. Àṣìṣe tó bá wà lórí server kò mọ Bàrígà yàtọ̀ sí Owerri. Ibi tí wáyà bá dé ló máa dé.

Ó dáa, 2025.

Lọ́dún yẹn, JAMB yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe àtúpalẹ̀ èsì padà: tẹ́lẹ̀ iye ni wọ́n ń wò, wọ́n wá sọ ọ́ di pé orísun ìdáhùn ni wọn yóò máa tọ̀. Wọ́n po ìbéèrè pọ̀, wọ́n tún po àwọn ìdáhùn A, B, C, D pọ̀, kí ọmọ tó ń yọjú wo kọ̀ǹpútà ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lè yọjú lásán. Wọ́n sì ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa yára, kó má máa fà bíi ìgbín. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú tèmi ṣá o, ọ̀nà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, lórí ìdánwò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ọmọ tó ń ṣe é, ó pọ̀. Tí nǹkan bá dàrú, èwo nínú wọn lo máa kọ́kọ́ mú?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pípo yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ká ní ìbéèrè ni pé ìlú wo ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lójú kọ̀ǹpútà tèmi, Ìbàdàn wà ní B. Lójú ti ẹni tó jókòó tì mí, ó wà ní D. Àwa méjèèjì la gbà á. Ṣùgbọ́n server gbọ́dọ̀ mọ̀ pé B tèmi àti D tiẹ̀, ohun kan náà ni. Tí ètò tuntun yìí kò bá sí nínú ẹ̀, ìdáhùn tí ọmọ fi ránṣẹ́ àti ohun tí server mọ̀ kò ní bára mu.

Kí server lè gbọ́ èdè tuntun yìí, wọ́n ṣe àbùlẹ̀ kan fún un. Patch ni àwọn coder ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà ni: bí ìyá ẹ ṣe lẹ̀ ṣòkòtò school rẹ níbi orúnkún. Server JAMB sì pín sí agbo méjì. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní KAD, èyí ni Kaduna. Wọ́n ń pe èkejì ní LAG, òun ló ń bójú tó Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-oòrùn.

Wọ́n lẹ àbùlẹ̀ mọ́ KAD. Ní LAG, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí JAMB gbé iṣẹ́ fún kò lẹ̀ ẹ́. Àlàyé tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé ó di ìjókòó ìkẹtàdínlógún ìdánwò kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa o. Àbùlẹ̀ wà. Wọ́n ti rán an tán. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna. Hacker kankan kò wọlé, NEPA ò mú iná. Ẹnì kan kàn gbàgbé ibì kan, ẹlòmíràn kò sì sí níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé, "Ṣé ó ti dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé?"

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin. Nígbà tí èsì máa fi jáde nínú oṣù karùn-ún, nínú àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900, ó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ tí kò gba 200 nínú 400. Ẹnu gbogbo èèyàn là. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ pé ó fi hàn pé gbígbógun ti jíjí ìwé wò ti ń so èso. Ní àdúgbò wa níbí, àlàyé kò tiẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀: TikTok ni. Ẹ fọwọ́ sí etí ìyá kan ní Ọjà Bàrígà lọ́sẹ̀ yẹn, "Mo sọ fún un kó gbé fóònù yẹn sílẹ̀!"

Ọmọ tó kàwé mọ́jú, tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, tó wá rí 140, kí ló fẹ́ sọ? Gbogbo ilé ti dájọ́.

Fún ẹni tó bá ń wo Àkọkà, 200 kì í ṣe nọ́ńbà lásán. UNILAG kì í wo ẹni tí kò bá tó 200. Tó o bá gba 199, o ò ní lè forúkọ sílẹ̀ fún post-UTME wọn, kódà kí WAEC rẹ jẹ́ A láti òkè dé ilẹ̀. Ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ìròyìn ikú ọmọ kan náà jáde láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹ̀.

Ohun tó tú àṣírí ni ariwo. Àwọn ọmọ àti òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí X. Alex Onyia tó ni ilé-iṣẹ́ Educare ń kó ẹ̀sùn wọn jọ, ó sì ń sọ pé òun máa gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. JAMB máa ń yẹ ètò ìdánwò wò lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde. Wọ́n gbé e síwájú nítorí ẹ̀sùn. Wọ́n pe àwọn ọ̀mọ̀ràn láti ìta sí i. Ìgbà náà ni wọ́n tó rí i.

Ibùdó 65 ní Èkó, ọmọ 206,610. Ibùdó 92 ní ẹkùn Owerri, ọmọ 173,387. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 379,997. Tó o bá kó wọn lọ sí pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, tó ń gba nǹkan bí 24,000, wọ́n máa kún un nígbà 15, wọn ò sì ní tíì tán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ré òkun kọjá lọ bá ìbejì tí mo sọ.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Knight Capital. Ríra àti títa ìpín ìdókòwò ni iṣẹ́ wọn, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe é fún wọn. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2012, wọ́n fẹ́ gbé code tuntun sórí server mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ tó ṣe é gbé e sórí méje. Ó fo ìkẹjọ. Lórí ìkẹjọ yẹn, code àtijọ́ kan ṣì wà tí wọn ò lò mọ́ láti 2003. Power Peg ni wọ́n ń pè é. Wọn ò yọ ọ́ dànù, ó kàn ń sùn níbẹ̀. Wọ́n wá lọ lo bọ́tìnì tó ń jí code àtijọ́ yẹn fún iṣẹ́ tuntun. Ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjà ṣí láàárọ̀. Méje ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ìkẹjọ jí òkú dìde. Ó ń rà, ó ń tà, ó ń rà, ó ń tà, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó ti ṣe káràkátà tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, Knight sì pàdánù ohun tó ju 460 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí ìpayà mú wọn, wọ́n rò pé code tuntun ló ń ṣe é, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lórí méje tó dáa. Làwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ń ya wèrè.

Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀: kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ wọn fúnra ẹ̀ ti fi email 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, tó dárúkọ Power Peg sínú ẹ̀. Wọn ò ka email yẹn sí ìkìlọ̀. Nígbà tí SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà náà, ṣèwádìí tán ní 2013, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé kò sí ìlànà kankan tó ní kí ẹlòmíràn yẹ iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ wò.

Server kan nínú mẹ́jọ. Agbo kan nínú méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàdánù owó, àwa pàdánù ọmọ ilé ìwé.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ o. Ní 1968, NATO pe àwọn àgbà kọ̀ǹpútà jọ sí Garmisch ní Jámánì, torí iṣẹ́ sọ́fúwíà ń pẹ́, ó ń gbówó lórí, ó sì ń ṣì. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Barry Boehm, sọ ìṣàkóso ewu di iṣẹ́ tó ní ìṣirò. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá: mú bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan bàjẹ́, fi sọ ìlọ́po ohun tí a máa pàdánù tó bá bàjẹ́. Èyí tó bá tóbi jù lọ́wọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ mójú tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún LAG. Ká ní a sọ pé kí ẹnì kan gbàgbé àbùlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè ṣẹlẹ̀ nínú 1,000. Ó kéré, àbí? Fi sọ ìlọ́po ọmọ 379,997. Ó jẹ́ ọmọ 380 lórí ìwé kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ta ló máa rí 380 tí kò ní rán ẹnì kejì lọ wò ó?

Èmi kì í kọ code o, content ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú ìpàdé àwọn ọ̀rẹ́ tó ń kọ app, láàárín Ọ̀níkẹ̀ẹ́ sí Abúlé Ọjà, láti bá wọn kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó. Ẹnì kan á ní, "Tí server bá kú lọ́jọ́ ìṣíde ńkọ́?" Gbogbo ilé á dáhùn, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Má fẹnu ẹ pè é jàre." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mi ò bá àdúrà jà, ilé àdúrà ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó kọ́ wa ní àdúrà náà ló sọ pé kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni kí o dìde lọ wo server kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwa ará Àkọkà mọ ìṣàkóso ewu ju ẹni tó kọ ìwé ẹ̀ lọ. Ta ló ń gbé àdúgbò yìí tó ní SIM ẹyọ kan? Àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ code ní Ìwáyà, gen wà lẹ́yìnkùlé, inverter wà lábẹ́ tábìlì, power bank wà nínú báàgì, wọ́n sì mọ orúkọ alájọgbé tí iná rẹ̀ wà lórí phase kejì. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Tí iná bá lọ tí iṣẹ́ oníbàárà bá sọnù, àpò tiwọn ló máa ya.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé wàhálà JAMB wà. Ẹni tó gbàgbé àbùlẹ̀ kọ́ ló máa pàdánù ọdún kan. Ewu wà lọ́wọ́ ẹnì kan, àdánù wà lórí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ pé server wà láyé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ìfẹ́ inú rere òṣìṣẹ́ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹnì kejì máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí orúkọ ẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ó sì rọrùn o! Dá ọmọ kan tí kò sí láyé sílẹ̀, fún un ní nọ́ńbà ìdánwò, jẹ́ kó jókòó ní ibùdó kọ̀ọ̀kan kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kó sì gba gbogbo ìbéèrè. Ibi tí kò bá ti gba 400, àbùlẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bí ìyẹn bá tilẹ̀ bọ́, kí èsì tó jáde, to èsì agbo méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ọmọ Èkó bá ṣàdédé gọ̀ nínú oṣù kan ju bí wọ́n ṣe wà lọ́dún tó kọjá, bi ẹ̀rọ léèrè kí o tó bi TikTok.

Oloyede gbà pé ẹ̀bi náà já lé òun léjìká, ó tọrọ àforíjì, mo sì fún un ní ìyẹn. Àwọn ọ̀gá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ọjọ́rú ló kéde. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16, àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì! WAEC ń lọ lọ́wọ́, ọmọ ti ka Biology wọ oorun, text wá wọlé pé kó padà wá ṣe JAMB. Ọmọ tó ti gbà pé olódo lòun, tí ilé ti bá wí fún ọ̀sẹ̀ kan, ní kó jókòó síwájú ẹ̀rọ kan náà, kó sì fọkàn tán an. Ẹnikẹ́ni ò ka ìyẹn mọ́ ewu iṣẹ́ náà.

Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tó ń kọ code ládùúgbò yìí, Bàrígà, Ṣómólú, Yábàá, títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti já pa. Tí ẹ bá gbé nǹkan tuntun sórí server mẹ́jọ lálẹ́ òní, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìkẹjọ ti gbà á? Ta ló máa wò ó? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Mò ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.